Ohun tí àtúnsọ ń ṣe sí ìròyìn ìbò ní ilẹ̀ Òkun

Ìdìbò 2027 ti ń sún mọ́, ẹnu sì ti ń yá ní Kàbbà, ní Ìsánlú, ní Mọ̀pà àti ní Ẹ̀gbẹ̀, ní ilẹ̀ Òkun, ìyẹn ilẹ̀ àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí. Lágbájá ti kúrò nínú ẹgbẹ́ yìí, ẹgbẹ̀rún márùn-ún èèyàn ló tẹ̀ lé e. Tàmẹ̀dù sọ̀rọ̀ kan níbi ìpàdé, ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ kó bá ara rẹ̀. Gbogbo Ìjùmú ti ní ti ẹni báyìí làwọn yóò ṣe. Ta ló ka ẹgbẹ̀rún márùn-ún náà? Ta ló jókòó sí ìpàdé yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin? Bí ẹ bá béèrè, ẹni tó sọ fún yín yóò ní òun gbọ́ ọ lórí rédíò ni. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò yóò ní òun kà á nínú ìwé ìròyìn ni. Ìwé ìròyìn yóò ní agbẹnusọ olùdíje ló sọ bẹ́ẹ̀.

Irọ́ pọ́ńbélé ní àwọn tó ń gbógun tì í. Èyí tó ń ṣe wá lọ́ṣẹ́ jù ni ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan sọ nítorí àǹfààní ara rẹ̀, tí àwọn oníròyìn wá ń gbà lọ́wọ́ ara wọn láìsí ẹni tó padà lọ wo orísun rẹ̀. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. “Wọ́n ní” ni gbogbo wọn kọ. Àmọ́ tí “wọ́n ní” bá ti dé ẹ̀ẹ̀mẹwàá, létí ẹni tó ń gbọ́, ó ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

Kò sí ibi tí èyí ti hàn ní ilẹ̀ wa tó ọ̀ràn ìpèpadà Dino Melaye, tó jẹ́ sẹ́nétọ̀ Kogí Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà, ìyẹn kí àwọn olùdìbò yọ ọ́ kí àsìkò rẹ̀ tó pé. Ní oṣù kẹfà ọdún 2017, àwọn tó fẹ́ kí wọ́n pè é padà di ìwé ìfọwọ́sí sínú àpò, wọ́n kó o lọ sí ọ́fíìsì INEC, àjọ elétò ìdìbò, ní Àbújá. Wọ́n ní ó lé ní ìdajì àwọn olùdìbò Kogí Ìwọ̀-Oòrùn tó fọwọ́ sí i pé kí aṣòfin náà máa bọ̀ nílé. Iye tí INEC kọ sílẹ̀ nígbẹ̀yìn fún àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé náà ni 189,870. Iye olùdìbò tó forúkọ sílẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ méjèèje, ìyẹn Lọ́kọ́jà, Kogí, Kàbbà/Bùnú, Ìjùmú, Mọ̀pà-Mùrò, Yàgbà Ìlà-Oòrùn àti Yàgbà Ìwọ̀-Oòrùn, jẹ́ 351,146. Abala 69 nínú òfin ilẹ̀ wa béèrè pé kí àwọn tó fọwọ́ sí i ju ìdajì lọ. Lórí ìwé, ó pé, ó tún lé.

Ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́, iṣẹ́ INEC dúró. Fún nǹkan bí oṣù mẹ́wàá, iye tí àwọn tó kó ìwé wá pè ni etí ń gbọ́. Ìròyìn kan kì í jáde lórí Dino kí wọ́n má fi kún un pé èyí tó ju ìdajì lọ nínú àwọn tó yàn án ló ti fọwọ́ sí ìpèpadà rẹ̀. Àwọn ti Dino náà kò dákẹ́, wọ́n ní orúkọ òkú wà nínú ìwé. Àwọn oníròyìn gbé ti ìhín, wọ́n gbé ti ọ̀hún, wọ́n sì gbà pé àwọn ti ṣe ojúṣe àwọn.

Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 2018, INEC lọ sí ibùdó ìdìbò 552 láti wo ojú àwọn tó fọwọ́ síwèé. Èèyàn 20,868 ló yọjú. Àwọn tí àyẹ̀wò fi hàn pé ìfọwọ́sí wọn péye jẹ́ 18,742, ìyẹn ìdá 5.34 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó forúkọ sílẹ̀. Ìpèpadà forí ṣánpọ́n.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò tí ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe. Bí a bá pín 189,870 sí ibùdó 552, ó jẹ́ nǹkan bí 344 fún ibùdó kọ̀ọ̀kan. Bí a bá pín 18,742 bákan náà, ó jẹ́ 34. Èyí túmọ̀ sí pé kí ìwé náà tó lè jẹ́ òótọ́, a ní láti rí nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́rìnlélógójì èèyàn tó fọwọ́ síwèé ní àyíká ibùdó kan ṣoṣo. Kò sí ibi tí èyí yóò ti ṣẹlẹ̀ ní abúlé kan ní Bùnú tàbí ní Gbẹ̀dẹ̀ tí ará ibẹ̀ kò ní mọ̀. Ṣé a kì í mọ ẹni tó ra ewúrẹ́ tuntun ni? Akọ̀ròyìn tó bá wọ mọ́tò láti Lọ́kọ́jà lọ sí ìlú mẹ́ta, tó jókòó níwájú ààfin, tó béèrè lọ́wọ́ ogún èèyàn bóyá wọ́n fọwọ́ sí nǹkan tàbí wọ́n mọ ẹni tó fọwọ́ sí i, ìbá ti ní ìròyìn gidi lọ́wọ́ ní oṣù keje ọdún 2017. Kò nílò INEC fún un, kò sì nílò ilé ẹjọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mí jù ni pé wọ́n tún ṣe iye kejì bí wọ́n ti ṣe ti àkọ́kọ́. Lọ́gán tí 5.34 jáde, ó di ẹ̀rí pé Kogí Ìwọ̀-Oòrùn fẹ́ràn Dino dénú. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó sọ kò ju iye àwọn tó jáde lọ́jọ́ náà tí orúkọ àti ìfọwọ́sí wọn bára mu. Ẹni tó kórìíra sẹ́nétọ̀ náà lè wà lóko rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an sì tún ni Dino bẹ́ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ ọlọ́pàá ní Àbújá, ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin, fídíò yẹn ló sì gba ojú gbogbo ayé. Dino tún wọlé ìbò ní oṣù kejì ọdún 2019, ilé ẹjọ́ da ìbò náà nù, Smart Adeyemi sì borí rẹ̀ nínú àtúndì ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà. Ẹni tó fi 5.34 ṣe òṣùwọ̀n ìfẹ́ kò lè ṣàlàyé ìyẹn.

Ẹ má rò pé Nàìjíríà nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà tó ní owó, tó ní akọ̀ròyìn lọ́pọ̀ yanturu, ṣe tiwọn ju tiwa lọ. Ní alẹ́ ọjọ́ 19 oṣù kìíní ọdún 2004, Howard Dean, gómìnà Vermont tẹ́lẹ̀ tó ń du tíkẹ́ẹ̀tì ààrẹ nínú ẹgbẹ́ Democrat, bá àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ìpínlẹ̀ Iowa. Yàrá kún, èrò ń hó yèè. Dean ń ka orúkọ àwọn ìpínlẹ̀ tí wọn yóò tún lọ, ó wá fi igbe ńlá kan parí rẹ̀. Máìkì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí kì í gbé ju ohùn ẹni tó dì í mú lọ, tí ń pa ariwo àyíká rẹ́. Àwọn tó wà nínú yàrá gbọ́ ọkùnrin kan tó ń bá èrò figbe ta. Àwọn tó jókòó ti tẹlifíṣọ̀n nílé gbọ́ ọkùnrin kan tó ń dá kígbe bí ẹni tí nǹkan ń ṣe. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, àwọn tẹlifíṣọ̀n wọn ti fi igbe yẹn hàn nígbà 633. Nígbà tó yá, ABC gbé fídíò tí ohùn èrò wà nínú rẹ̀ jáde, igbe náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé gbọ́ mọ́. Àwọn ọ̀gá tẹlifíṣọ̀n kan gbà pé àṣejù wọ̀ ọ́. Dean ti di ẹni ẹ̀rín nígbà náà.

Ìtàn tó kù lẹ́nu àwọn èèyàn di òní ni pé igbe ló ba ìbò Dean jẹ́. Kí ó tó la ẹnu ní alẹ́ yẹn, ó ti ṣe ipò kẹta lẹ́yìn John Kerry àti John Edwards ní Iowa. Ìdí tí wọ́n fi wà nínú yàrá yẹn nìyẹn. Ó ti fìdí rẹmi kí igbe tó jáde, àmọ́ ìfìdírẹmi kò ní fídíò, igbe ló ní. Irú rẹ̀ ṣe Al Gore náà, tó jẹ́ igbákejì ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà. Ní oṣù kẹta ọdún 1999, ó sọ lórí CNN pé nígbà tí òun wà ní ilé aṣòfin, òun ló mú ìpilẹ̀ṣẹ̀ ọ̀rọ̀ dídá íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀rọ̀ náà ní ìgbéraga díẹ̀, kò burú ká sọ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ lẹ́nu àwọn oníròyìn, ó di pé Gore ní òun ló ṣe íntánẹ́ẹ̀tì. Vint Cerf àti Bob Kahn, tí wọ́n wà lára àwọn tó ṣe é ní tòótọ́, kọ̀wé ní ọdún 2000 pé Gore ṣiṣẹ́ gidi lórí rẹ̀ nílé aṣòfin. Ta ló ka ìwé wọn?

Báwo ni ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ ní tiwa? Ọ̀nà rẹ̀ kò ṣòro láti tọ̀. Ọmọkùnrin kan tí olùdíje gbà sí iṣẹ́ agbẹnusọ kọ ìròyìn tán ní ìrọ̀lẹ́, ó fi àwòrán èrò mẹ́rin tì í, ó jù ú sínú ẹgbẹ́ WhatsApp tí àwọn akọ̀ròyìn Lọ́kọ́jà wà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ojú òpó ìròyìn mẹ́fà ti gbé e, pẹ̀lú àṣìkọ ọ̀rọ̀ kan náà ní ìlà kan náà. Ní òwúrọ̀, atọ́kùn ètò àgbéyẹ̀wò ìwé ìròyìn kà á lórí rédíò, ó sì fi àlàyé tirẹ̀ kún un. Ní ọ̀sán, ó ti dé ọjà. Ẹni tó gbọ́ ọ ní ibi mẹ́fà gbà pé ẹlẹ́rìí mẹ́fà ló jẹ́rìí sí i, ẹnu kan ṣoṣo sì ni gbogbo rẹ̀ ti jáde.

N kò fi gbogbo ẹ̀bi lé àwọn akọ̀ròyìn lórí. Ìjọba ìbílẹ̀ 21 ló wà ní Kogí, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kì í sì í ní ju akọ̀ròyìn kan lọ ní gbogbo ìpínlẹ̀ náà. Owó oṣù kì í jáde lásìkò. Ẹni tó bá fẹ́ kí akọ̀ròyìn dé Ìsánlú tàbí Odò-Èré ni yóò fún un ní owó mọ́tò, a sì mọ̀ pé ẹni tó gbé ọ lọ kò ní fẹ́ kí o bẹ̀rẹ̀ sí í ka orí èèyàn níbẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́bàá ààlà, láti Ẹ̀gbẹ̀ títí dé apá Ìjùmú tó kọjú sí Èkìtì, tilẹ̀ máa ń gbọ́ rédíò Kwara àti ti Èkìtì, níbi tí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kò ti ní ìdí kankan láti mọ̀ bóyá ìlú tí wọ́n dárúkọ tilẹ̀ tóbi tó láti gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún èèyàn.

Àwòrán èrò náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Bí ayàwòrán bá dúró sí iwájú, tí ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, igba èèyàn yóò kún ojú àwòrán. Bí ó bá gun orí ilé, pápá tó ṣófo lẹ́yìn wọn yóò hàn. Ẹ wo àwòrán ìpolongo tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ wò ó bóyá ẹ rí ẹ̀yìn èrò.

Ìdí tí àtúnsọ fi ń wọni lára ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ní ọdún 1977, Lynn Hasher, David Goldstein àti Thomas Toppino fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn gbólóhùn kan kà, òótọ́ àti irọ́, nígbà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n fi ọ̀sẹ̀ méjì méjì sáàárín. Àwọn gbólóhùn tí wọ́n tún rí ni wọ́n túbọ̀ ń gbà gbọ́ bí ìgbà ti ń lọ, èyí tó jẹ́ irọ́ nínú wọn kò sì yàtọ̀. Lisa Fazio àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní ọdún 2015 pé ó máa ń mú ẹni tó mọ ìdáhùn tẹ́lẹ̀ pàápàá. Ìmọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ gbani. Àwọn baba wa ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ó lè bá a lóòótọ́, àmọ́ ìbò kì í dúró de ogún ọdún.

Èyí ló fi jẹ́ pé àtúnṣe náà lè pani lára. Bí àkọlé bá ní “N kò kó owó ìlú jẹ, Lágbájá fèsì”, owó ìlú àti Lágbájá ni yóò dúró sórí ẹni tó gbọ́ ọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìwé ayédèrú kan jáde ní orúkọ INEC pé wọ́n ń wádìí Bọ́lá Tinubu lórí ọ̀ràn oògùn olóró. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Arise gbé e sáfẹ́fẹ́, INEC ní kò ti ọ̀dọ̀ òun wá, Arise tọrọ àforíjì, NBC, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, sì bu owó ìtanràn mílíọ̀nù méjì náírà lé wọn. Kí NBC tó dé, ìwé náà ti wà lórí fóònù àwọn tí kò mọ̀ pé Arise ti tọrọ àforíjì.

Kì í ṣe ìgbà gbogbo ni ohun tí wọ́n ń tún sọ máa ń jẹ́ irọ́. Ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà ọdún 2022, ní Abẹ́òkúta, Tinubu bá àwọn aṣojú ẹgbẹ́ APC sọ̀rọ̀ ní èdè Yorùbá, ó sì sọ pé “Èmi ló kàn”. Ó sọ ọ́, kò sí ẹni tó fi sí i lẹ́nu. Àmọ́ kí ó tó débẹ̀, ó ti sọ̀rọ̀ lórí bí Buhari ṣe díje tó ń já kulẹ̀, tó sunkún lójú ayé, àti ipa tí òun kó kí ó tó di ààrẹ. Ìbéèrè gidi wà nínú ìyẹn: nígbà tí wọ́n dá APC sílẹ̀ ní ọdún 2013, ta ló ṣèlérí kí ni fún ta? Akọ̀ròyìn tó bá tọ ìyẹn lọ ìbá ti rí nǹkan. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn, “Èmi ló kàn”, ni wọ́n gé jáde. Àwọn ọ̀tá rẹ̀ fi bú u, àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ fi ṣe orin, ìbéèrè náà sì sọnù sáàárín àwọn méjèèjì.

Àwa Òkun ní tiwa lórí ọ̀rọ̀ ó kàn wá. Láti ọdún 1991 tí wọ́n ti dá Kogí sílẹ̀, ọmọ Òkun kankan kò tíì fi ìbò di gómìnà. Clarence Olafemi, ọmọ Mọ̀pà-Mùrò, tó jẹ́ olórí ilé aṣòfin nígbà náà, di ipò náà mú fún oṣù bíi méjì péré ní ọdún 2008. Ìyẹn dájú. Èyí tí kò dájú ni àlàyé tí a máa ń gbọ́ lẹ́yìn ìbò 2023, pé nítorí a ní olùdíje méjì, tí wọ́n pín ìbò Òkun sí méjì, ni ipò náà fi bọ́. Ẹ jẹ́ ká ro ó pọ̀: Dino Melaye ti PDP ní ìbò 46,362, Leke Abejide ti ADC ní 21,819. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 68,181. Usman Ododo ti APC ní 446,237, Murtala Ajaka ti SDP sì ní 259,052. Ká tilẹ̀ so Dino àti Leke pọ̀ di ẹyọ kan, wọn kì bá tí dé ìdajì ìbò ẹni tó ṣe ipò kejì. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìbò Òkun lọ́dún náà yóò wá a síbòmíràn: iye àwọn tó jáde dìbò, iye tó bá APC lọ ní ilẹ̀ wa gan-an, ohun tí owó ṣe, ohun tí ìbẹ̀rù ṣe. Àmọ́ “a kò fìmọ̀ ṣọ̀kan” rọrùn lẹ́nu, ó sì dùn ún tún sọ, ni gbogbo rẹ̀ fi parí síbẹ̀.

Òfin Ìdìbò ọdún 2022 ti kọ̀ ọ́ nígbà tirẹ̀ kí ìjọba lo ilé iṣẹ́ ìròyìn rẹ̀ fún àǹfààní olùdíje kan. Kò sí òfin tó lè ní kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ronú kí ó tó kà. Àtúnṣe kan wà tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, òun ni pé kí ó dárúkọ ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ kí ó tó sọ ọ̀rọ̀ náà. “Agbẹnusọ olùdíje ló kọ ọ́ ránṣẹ́ pé ẹgbẹ̀rún márùn-ún èèyàn wọ ẹgbẹ́ àwọn ní Kàbbà” yàtọ̀ gédégbé sí “ẹgbẹ̀rún márùn-ún èèyàn wọ ẹgbẹ́ tuntun ní Kàbbà”. Bí ó bá tún lè pe ẹnì kan ní Kàbbà kí ó tó gbé e sáfẹ́fẹ́, ìyẹn kò ju owó ìpè lọ.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 2023, ọjọ́ ìbò gómìnà, àwòrán ìwé èsì ìbò tí wọ́n ti kọ iye sí kí ìbò tó parí gba orí fóònù. Ìtàn méjì ló bá a rìn. Àwọn kan ní gbogbo ìbò Kogí ni wọ́n ti kọ láti ilé, àwọn kan ní ayédèrú ni, kò sí nǹkan kan. Àtẹ̀jáde INEC fúnra rẹ̀ kò bá ìkankan lọ nínú méjèèjì. Ó dárúkọ ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún: Adavi, Ajaokuta, Ogori/Magongo, Okehi àti Okene. Ó ní Ogori/Magongo ló burú jù, ó kan wọ́ọ̀dù mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ó sì dá ìbò dúró níbẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ Òkun kankan kò sí nínú márààrún. Àtẹ̀jáde náà kò gùn, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lè kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ kí orin ìpolongo kan tó tán. Fún ìbò tó ń bọ̀, ojú òpó IReV tí INEC ń gbé àwòrán ìwé èsì ibùdó kọ̀ọ̀kan sí wà nílẹ̀ pẹ̀lú. Ará Ìyàrà tó bá ya fọ́tò iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ lójú rẹ̀ ní ibùdó tirẹ̀ lè wá ibùdó náà níbẹ̀, kí ó fi wé ara wọn, kí ó sì fi méjèèjì ránṣẹ́ sí atọ́kùn ètò tó ń ka ìwé ìròyìn láàárọ̀ ọjọ́ kejì.